Jẹjẹrẹ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwọn Ọmọdé: Láti Kampala dé Ìbàdàn

Lọ́dún 1957, Hugh Trowell, dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, ránṣẹ́ pe Denis Burkitt pé kó wá bá òun wo ọmọ kan. Oníṣẹ́ abẹ ni Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland ni, ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́ láti kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún lósì, ó wú lókè nísàlẹ̀, eyín rẹ̀ sì ti ń mì. Bó bá ṣe pé eyín ló kẹ̀, ojú kan ni ì bá wú. Burkitt ò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ sígbà náà tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Jinja. Bó ṣe wo ìta látojú fèrèsé, ó rí ọmọ mìíràn tójú rẹ̀ wú, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí koríko. Ó jáde lọ yẹ ẹnu ọmọ náà wò: ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà ló wú.

Ìgbà yẹn ló tú ìwé àwọn aláìsàn Mulago. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí kókó yọ sí ní kíndìnrín tàbí nínú ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ti fún ní orúkọ àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ wọn lẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú pẹ̀lú. Àìsàn kan ṣoṣo ni. Ó kọ ọ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1958, àmọ́ àwọn tó kà á sí ò tó nǹkan.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Owó ìwádìí àkọ́kọ́ tó rí gbà ò ju £25 lọ. Ó fi tẹ ìwé pélébé tó ní àwòrán àwọn ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí irú rẹ̀. Lọ́dún 1961, òun àti dókítà méjì, Ted Williams àti Clifford Nelson, wọ ọkọ̀ Ford àlòkù kan, wọ́n fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 rin ìrìn tó tó máìlì 10,000, wọ́n ń bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì léèrè láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí wọ́n sàmì sórí máàpù, ó hàn pé ibi tó bá móoru tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa ni àìsàn náà wà. Kì í sí lórí òkè tó tutù, kì í sí ní aṣálẹ̀. Ibi tí ẹ̀fọn ti ń kó ibà ran èèyàn náà nìyẹn. Ní Zanzibar, tí wọ́n ti ń gbógun ti ibà, ó ṣọ̀wọ́n.

Ṣáájú ìrìn náà, ní March 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn Middlesex ní London. Anthony Epstein, tó ń wádìí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ, wà níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹran ara tí wọ́n bá gé láti ara kókó náà wá fún òun láti Kampala. Fún bí ọdún méjì, kò rí nǹkan kan. Ní December 1963, kùrukùru bo London, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ẹran ara náà sì yà sí Manchester. Nígbà tí ẹrù náà dé, omi inú ìgò ti dàrú bí èyí tó ti bà jẹ́. Epstein ò dà á nù. Ó fi ẹ̀kán kan wò, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ààyè ló ń léfòó nínú rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Bert Achong àti Yvonne Barr, ti rí fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Epstein-Barr, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní March 1964. Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyé ló ní in lára láìṣàìsàn. Ibà tó ń pààrà ọmọdé ló ń bu agbára tí ara rẹ̀ fi ń ká a lọ́wọ́ kò.

Bí kókó yìí ṣe ń yára dàgbà tó (ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì), bẹ́ẹ̀ náà ló ń yára yọ́ tí oògùn bá kàn án. Abẹ a máa ba ojú ọmọ jẹ́, kì í sì í wò ó sàn. Oògùn bíi methotrexate àti cyclophosphamide ló ṣe é. Ibí yìí ni ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti wọ ìtàn náà, ó sì yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀ ju bí a ṣe ń ṣe lọ. Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, fi oògùn wọ̀nyí tọ́jú àwọn ọmọ, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà fún ìtọ́jú àìsàn yìí.