Ọta àti Ẹ̀tù Ṣakabùlà fún Ọdẹ Elk

Elk (Cervus canadensis) jẹ́ ẹranko oníwo ẹlẹ́ka ti Amẹ́ríkà Àríwá, tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ dáadáa. Akọ tó dàgbà lè wọ̀n tó 320 kìlógíráàmù, eegun èjìká rẹ̀ sì nípọn, nítorí náà ohun tí ọdẹ kì sínú ṣakabùlà ṣe pàtàkì.

Ọta roboto tí a fi òjé ṣe fún ìbọn .50 (èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì) kò ju nǹkan bí 177 grain lọ (7,000 grain ló wà nínú pọ́ùn kan). Afẹ́fẹ́ tètè ń gba agbára rẹ̀; kò yẹ kí a yìn ín sí elk láti òkèèrè. Ọta gígùn onímú, 350 sí 450 grain, ló ń wọlé jìn. Ṣùgbọ́n ilà tó yí po nínú ìbọn ló ń pinnu èyí tí yóò lọ tààrà: ọta roboto fẹ́ ìyípo kan nínú nǹkan bí 66 íǹṣì, ọta gígùn fẹ́ ìyípo kan nínú 28.

Ẹ̀tù dúdú 80 sí 100 grain ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò, ife ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, èjìká ọdẹ ló ń jìyà rẹ̀, ọta sì lè ṣìnà. Iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìbọn kọ sílẹ̀ ni òpin. Ẹ̀tù aláìléèéfín ní tirẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Colorado, òfin àsìkò ṣakabùlà béèrè fún ìbọn .50 ó kéré tán fún elk. Ó fi òfin de ike tí a ń fi wé ọta, àti ẹ̀tù tí a tẹ̀ di hóró.