Ọ̀nà Àbọ̀ Sílé: Ìtàn Ìtọ́jú Àgbàlagbà Tí Eegun Ìbàdí Rẹ̀ Ṣẹ́, láti Ilé Ato-eegun dé Alímọ̀ṣọ́

Oríkèé ìbàdí ni ibi tí eegun itan ti so mọ́ eegun ìdí: orí eegun itan, tó rí roboto, wọ inú kòtò kan tó gbà á, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó sì so orí yìí mọ́ ara eegun itan fúnra rẹ̀. Ní ọrùn yìí, tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ni eegun ti sábà máa ń dá nígbà tí àgbàlagbà bá ṣubú. Lára ọ̀dọ́, ó gba ipá ńlá, irú èyí tó wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀, kí ó tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń ga sí i ni eegun ń fúyẹ́ tí inú rẹ̀ sì ń dá ihò, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, débi pé yíyọ̀ lásán ní balùwẹ̀ tàbí kíkọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ti tó láti dá a. Ìtàn bí a ti ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ọ̀dọ̀ àwọn ato-eegun títí dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, jẹ́ ìtàn bí arúgbó ṣe ń padà sílé àti ti àwọn tí ń gbà á padà, ju bí ó ti jẹ́ ìtàn irin àti ọ̀bẹ lọ.

Ato-eegun ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti to eegun tó ṣẹ́ padà sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni, tí ọmọ ń kọ́ lọ́wọ́ bàbá nípa wíwò àti nípa fífi ọwọ́ kan ara aláìsàn, nítorí ìka ni ó ń wá ibi tí eegun ti kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ó bá ti fà á, tí ó sì ti tò ó, yóò fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ, yóò sì fi pẹlẹbẹ ọparun tàbí igi ọwọ́ ọ̀pẹ tí a fi okùn hun pọ̀ dì í. Ilé ato-eegun ni aláìsàn sábà máa ń gbé títí ara rẹ̀ yóò fi le, kì í sì í dá gbé ibẹ̀: ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò kan ni yóò máa dáná fún un, tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò sì di ẹsẹ̀ náà mú nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ ọ. Nínú àṣà iṣẹ́ yìí, wọn a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọn a sì tò ó bí wọ́n ti to ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n kà sí àmì pé ẹsẹ̀ ènìyàn náà ti jinná. Ohun tí àṣà yìí fi hàn ni pé ìrìn ni òṣùwọ̀n ìwòsàn, àti pé ẹbí wà nínú ìtọ́jú láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ní oríkèé ìbàdí, ọgbọ́n yìí dé ààlà rẹ̀. Ọparun lè di apá tàbí ojúgun mú, nítorí eegun ibẹ̀ kò jìnnà sí awọ, ṣùgbọ́n iṣan tó nípọn ni ó bo ìbàdí, kò sì sí ìdè kan láti ìta tó lè mú ọrùn eegun itan dúró. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun náà ń gba ara ọrùn rẹ̀ kọjá, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ọrùn bá ti dá, orí lè kú sínú kòtò rẹ̀, kí eegun méjèèjì má sì so pọ̀ mọ́ láé. Èyí tó ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọrùn a máa jinná ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà a kúrú, àtẹ́lẹsẹ̀ a sì yí síta. Kí àkókò ìjinná tó pé, ìdùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ewu, nítorí òun ni ó ń fa egbò sí ìdí àti gìgísẹ̀, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn òyìnbó pàápàá tó borí ìṣòro yìí, ìdílé ato-eegun sì wà ní ìpilẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn eegun tiwọn náà. Hugh Owen Thomas, dókítà ní Liverpool tó gbé ayé láti 1834 sí 1891, jẹ́ ọmọ Evan Thomas, ẹni tó ń to eegun bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń ṣe ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Irin tí Hugh Owen ṣe láti mú ẹsẹ̀ dúró gbọọrọ ni Robert Jones, tí àǹtí rẹ̀ jẹ́ ìyàwó Hugh Owen, mú wọ inú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun là. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bí ilé ìwòsàn eegun ti ilẹ̀ Yorùbá: ní 1943, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìgbóbì ní Èkó fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ní 1945 ó di ilé ìwòsàn eegun, òun sì ni Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ lónìí. Níbẹ̀ ni ìmọ̀ físíò, èyí tí í ṣe fífi eré ìdárayá àti ìwọ́ra dá agbára padà sínú ara, ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè lórí rẹ̀ láti 1966. Síbẹ̀, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ tí wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n máa ń so ẹrù wíwúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti máa fà á lórí ibùsùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ìdùbúlẹ̀ yìí kan náà sì ni ewu tó ń bá a jà.

Nǹkan méjì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àkọ́kọ́ ni irin inú ara: ní 1931, Dókítà Smith-Petersen ti Boston kọ̀wé nípa ìṣó tí wọ́n ń gbá wọ inú ọrùn eegun láti so ó pọ̀, ní 1940, Austin Moore àti Harold Bohlman sì fi irin rọ́pò orí eegun itan ní Amẹ́ríkà. Ìkejì ni èrò tuntun nípa arúgbó fúnra rẹ̀. Ní 1935, Dókítà Marjory Warren gba àbójútó aláìsàn 714 ní ilé ìwòsàn West Middlesex nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lórí ibùsùn pé kò sí ohun tí a tún lè ṣe fún wọn. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì mú kí wọ́n kọ́ ìrìn, ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn lè dìde, àwọn kan sì lè padà sílé. Nǹkan méjèèjì yìí ni ó pàdé nínú ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2011, pé kí iṣẹ́ abẹ wáyé ní ọjọ́ tí aláìsàn dé tàbí ní ọjọ́ kejì, kí aláìsàn náà sì dìde nílẹ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ. Bí ìdùbúlẹ̀ ṣe kúrú báyìí ni iṣẹ́ tó kù ń padà sí ilé.

Irú ilé wo ni àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ ń padà sí ní Alímọ̀ṣọ́? Ilẹ̀ Àwórì ni, oko àti abúlé ni ó pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ilé ìwòsàn Ìkẹjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955, tó sì di ilé ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní 2001, ni ọ̀pọ̀ ará agbègbè yìí gbójú lé. Nígbà tí àyè há mọ́ àwọn tó ń wá ilé ní àárín Èkó, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgándò. Ní ètò ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ra ilẹ̀ nígbà tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbẹ̀ ti di àgbà lónìí. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá darí sí Ìgbóbì láti Ìkòtún ṣì ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ já, pẹ̀lú eegun tó dá.

Ìṣe ilé wa pẹ̀lú lè ta ko ìbàdí tuntun. Ẹni tí wọ́n fi irin rọ́pò orí eegun rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí irin má baà yọ kúrò nínú kòtò; èyí ni pé ìlóṣòó lórí ṣáláńgá, jíjókòó lórí àpótí kúkúrú níwájú iná, ìkúnlẹ̀, àti ìforíkanlẹ̀ nínú ìrun kò tíì yẹ ẹ́. Ní ilé tí àwọn yàrá kọjú síra wọn, tí ayálégbé púpọ̀ ń lo balùwẹ̀ kan náà ní ẹ̀yìnkùlé, omi ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn lè tún gbé e ṣubú. Ní ilé alájà, irú èyí tí ìjọba Jákàńdè, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, kọ́ sí Abẹ́sàn láàárín 1979 sí 1983, àtẹ̀gùn ni ibodè tó gbọ́dọ̀ là kọjá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé arúgbó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń wá àga gíga tí wọ́n dá ihò sí fún un láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n ń so irin mọ́ ògiri kí ó rí nǹkan dì mú, tí wọ́n sì ń fún un ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò máa fi rìn. Ìrun lórí àga tọ́ fún aláìsàn nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọ tó bá sì ní àpọ́nlé yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ń jáde lọ síṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, òmíràn wà ní òkè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́, òfin ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà, èyí tó bí Ìlera Èkó, sì ti wà láti 2015. Síbẹ̀, owó nìkan kò lè di apá ènìyàn mú láti orí ibùsùn dé balùwẹ̀. Ohun tí ilé ato-eegun ní tí wọ́ọ̀dù pàdánù ni ẹbí tó ń rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tó sì ń kọ́ ọ. Ìyẹn ni ó yẹ kí wọ́n dá padà: kí ẹni tí yóò tọ́jú arúgbó nílé wà níbẹ̀ nígbà tí oníṣẹ́ físíò bá ń kọ́ ọ ní ìrìn, kí wọ́n béèrè nípa àtẹ̀gùn àti balùwẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀, kí wọ́n má sì ka ìwòsàn sí èyí tó parí ní ọjọ́ tí wọ́n tú ìdì ọgbẹ́. Ọjọ́ tí ìyá àgbà bá tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú ilé láti kí aládùúgbò rẹ̀, ọjọ́ náà ni ó ti inú ìjàǹbá yẹn bọ̀.