Ọkọ̀ Tó Gbé E Kúrò Nílé

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí n tó wọlé, àpótí ti wà lórí tábìlì. Mama tó ń gbé ilé kejì sí wa ní Minneapolis ti nù ún títí ó fi ń dán. Òdòdó pupa àti búlúù ló wà lára rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n kun orúkọ obìnrin kan sí, tí Olsdatter, ọmọbìnrin Ole, tẹ̀ lé e, àti ọdún 1882. Ìyá tó bí ìyá bàbá Mama ló gbé e wá láti Norway. Mama ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ mọ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé: ọkọ̀ wo ló gbé obìnrin yìí wá?

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Olsdatter kò ràn wá lọ́wọ́. Ní Norway ayé ìgbà náà, obìnrin yòówù tí bàbá rẹ̀ bá ń jẹ́ Ole ló ń jẹ́ ẹ. Ọdún 1923 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan tí tọmọ tọmọ yóò máa jẹ́. Ṣáájú ìyẹn, oko tí èèyàn ń gbé ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, bó bá sì kó lọ sí oko mìíràn, orúkọ ibẹ̀ ló máa jẹ́. Èyí kò ṣàjèjì sí mi. Nílùú tiwa, tí àgbàlagbà bá bi mí pé ọmọ ta ni mí, agbo ilé wa ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ.

"Mama, ọmọ oko wo ni wọ́n?"

Wọ́n ṣí Bíbélì inú àpótí. Haugen, Oppdal. Ìtumọ̀ Haugen ò ju òkè kékeré lọ, oko tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì kún Norway. Oppdal ló là wá lójú, ìjọ kan lórí òkè ní gúúsù Trondheim.

Aago mọ́kànlá. Ìwé ìjọ àtijọ́ wà lórí Digitalarkivet, ìkànnì ìwé ìpamọ́ Norway, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn àlùfáà yẹn ló le, lẹ́tà wọn so kọ́ra bí okùn àwọ̀n. Ó gbà wá ní wákàtí méjì. Nínú ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé lórí la ti rí i, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bupá fún un nítorí ṣànpọ̀nná. Mama wo apá ara wọn, níbi tí àpá tiwọn wà.

Aago kan ọ̀sán. Láti 1867 ni àwọn ọlọ́pàá Trondheim ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, oṣù karùn-ún 1882, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ ọ̀dọ̀. Orúkọ ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀. Mama pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ yẹn ò dé New York rí. Hull, ní ilẹ̀ England, ni òpin ìrìn rẹ̀.

Wọ́n dákẹ́. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà wọn, England ò sí níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Norway tó wà níbí gbọ́ dàgbà ni ìtàn Restauration, ọkọ̀ kékeré tó gbé èèyàn 52 kúrò ní Stavanger ní 1825. Ọjọ́ 98 ni wọ́n lò lójú omi, wọ́n sì pé 53 nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní New York, torí wọ́n bí ọmọ kan lójú ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tó fi máa di 1882, ọdún tí àwọn tó fi Norway sílẹ̀ lé ní 28,000, ayé ti yí padà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Wilson dé Hull, wọ́n á wọ rélùwéè dé Liverpool, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ti ń gbé wọn sọdá òkun Àtìláńtíìkì.

Aago márùn-ún. Ìwé Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn àjòjì wọlé ní New York, ni Mama ní kí n wò. Ibẹ̀ kò ṣí títí di 1892, Castle Garden ni wọ́n ń gbà wọlé ní 1882. Olsdatter ò sí. Olsen la rí, ọjọ́ orí bá a mu, oṣù bá a mu, ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ìwé sì ni ẹnì kan náà tó tẹ̀ lé e ní Trondheim. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé akọ̀wé New York ló yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà: ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ wá ni wọ́n ń wò. Mama da orúkọ ọkọ̀ tó wà lórí ìwé náà kọ sẹ́yìn àpòòwé. Ti ìdílé wọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Aago méje alẹ́. Mo rò pé ó ti parí, àmọ́ rélùwéè ni Mama ń béèrè. Mo ní ní Hull, wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Paragon ní 1871, kí àwọn arìnrìn-àjò lè rí ibi wẹ̀, kí wọ́n sì sinmi. Láti ibẹ̀, wákàtí díẹ̀ ni dé Liverpool.

Mama yí àpótí náà ká. Wọ́n fi ìka wá àwọn igun rẹ̀ kiri, níbi tí kíkùn ti bó tí igi sì ti wọlé sínú.

"Hull," wọ́n ní. "Liverpool. New York. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀."