Demosthenes: Ọ̀dọ́kùnrin Tó Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Jà Fún Ogún Bàbá Rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa Demosthenes, ará ìlú Áténì ní Gíríìsì àtijọ́, tí wọ́n ní ó máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já gaara. Plutarch ló kọ ìtàn òkúta yẹn, lẹ́yìn tí Demosthenes ti kú ní ohun tó lé ní 400 ọdún. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ gbé e dìde sọ̀rọ̀ wà nínú ìwé tòun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún ni.

Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bàbá náà lówó: wọ́n ń rọ ọ̀bẹ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ní èkejì, ẹrú tó lé ní 50 ló sì wà níbẹ̀. Demosthenes ní ogún náà tó nǹkan bíi tálẹ́ntì 14. Dírákímà 6,000 ló wà nínú tálẹ́ntì 1, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣiṣẹ́ odindi ọjọ́ kan fún dírákímà 1 tàbí 2. Alágbàtọ́ mẹ́ta ni bàbá fi ogún náà sí lọ́wọ́, ẹbí sì ni méjì nínú wọn. Nígbà tọ́mọ dàgbà, tálẹ́ntì 1 àti díẹ̀ ni wọ́n kó fún un.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ní Áténì, bí òfin ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹni tó lẹ́jọ́ ló ń ro ẹjọ́ rẹ̀. O lè sanwó fún ẹni tó máa bá ọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá dìde sọ ọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ kì í ṣe amòfin. Ará ìlú ni wọ́n, wọ́n lè tó 201 tàbí 401, kèké ló sì mú wọn. Omi tó ń jò láti inú ìkòkò ni aago. Bí omi bá tán, ọ̀rọ̀ ẹ tán.

Ni Demosthenes bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Isaeus, ọ̀gá nínú ẹjọ́ ogún. Ní nǹkan bí ọdún 364 ṣáájú ìbí Jésù, ó gbé Aphobus, ọ̀kan nínú àwọn alágbàtọ́ náà, lọ sílé ẹjọ́. Kò kàn máa sunkún níwájú wọn. Ó ka owó náà níkọ̀ọ̀kan, ó sì pe ẹlẹ́rìí. Ó jàre: wọ́n ní kí Aphobus san tálẹ́ntì 10. Àmọ́ ìdájọ́ ọ̀tọ̀, owó ọwọ́ ọ̀tọ̀. Aphobus ti fi ọgbọ́n kó dúkìá pamọ́, díẹ̀ ló sì padà tẹ Demosthenes lọ́wọ́.

Ohun tó bá a délé ni iṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń bá àwọn ẹlòmíì kọ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ láti fi jẹun. Nígbà tó yá, ohùn yẹn kan náà ló fi ń kìlọ̀ fún ìlú nípa Philip, ọba Makedóníà.

Àwọn tó ń kọ́ èdè Gíríìkì àtijọ́ ṣì ń ka ẹjọ́ Aphobus dòní. Ẹ jẹ́ ká fetí sí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀, Cleobule, tí Aphobus gba owó orí rẹ̀ láì fẹ́ ẹ, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde rojọ́. Àwọn ẹrú ilé iṣẹ́ yẹn, ńṣe ni wọ́n kà wọ́n mọ́ ẹrù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Áténì fún lẹ́nu.

Nílé tiyín ńkọ́, tí wọ́n bá ń pín ogún, ta ni wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Ẹ rò ó wò. Ó dìgbà kan ná.