Bí Wọ́n Ṣe Mú Kí Iṣan Sọ Tẹnu Rẹ̀

Láyé ìgbà kan, bí iṣan ọmọdé bá ń rọ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ọmọ náà bá kú tán ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn tó lè yẹ inú iṣan náà wò. Duchenne, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó yí èyí padà. Ó ṣe abẹ́rẹ́ kan tó fi ń fa ẹran bíńtín jáde lára aláìsàn tó wà láàyè, ó sì kọ̀wé lórí ohun tó rí ní 1868.

Ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí mímọ̀. Ní 1873, Ranvier fi hàn pé iṣan pupa ara ehoro kì í yára ṣiṣẹ́ bí iṣan funfun. Lára ènìyàn, oríṣi méjèèjì dàpọ̀ nínú iṣan kan náà, bí àgbàdo pupa àti funfun tí wọ́n dà sínú àpò kan. Aró lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa.

Ẹ́ńsáìmù ló la ọ̀nà. Ní 1955, Padykula àti Herman gbé ọ̀nà kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún ẹ́ńsáìmù inú ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ATP tó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ibi tó bá ti ṣiṣẹ́, kẹ́míkà a sọ ibẹ̀ di dúdú. Ní 1962, W. King Engel pín fọ́nrán iṣan ènìyàn sí oríṣi kìíní, tó lọ́ra tó sì lágbára ìfaradà, àti oríṣi kejì, tó yára. Ní 1970, Brooke àti Kaiser fi omi kíkan tí pH rẹ̀ jẹ́ 4.6 ya oríṣi kejì sí 2A àti 2B.

Kí ni èrè rẹ̀ fún aláìsàn? Ní Ọsirélíà ní 1960, Buller, John Eccles àti ọmọ rẹ̀ Rosamond ṣe pàṣípààrọ̀ nẹ́ẹ̀fù iṣan ológbò. Ìyára iṣan náà sì yí padà. Nẹ́ẹ̀fù ló ń pinnu ìwà fọ́nrán. Nítorí náà, bí nẹ́ẹ̀fù kan bá kú, aládùúgbò rẹ̀ a gba àwọn fọ́nrán tó di ọmọ òrukàn tọ́, a sì sọ wọ́n di irú tirẹ̀. Àdàpọ̀ a parẹ́. Dúdú a kó ara wọn jọ, funfun a kó ara wọn jọ. Oníṣègùn a wá mọ̀ pé nẹ́ẹ̀fù ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe iṣan fúnra rẹ̀.

Lónìí, àyẹ̀wò jíìnì láti inú ẹ̀jẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, níbi tí jíìnì kò bá ti fèsì tó yéni, iṣan ni wọ́n ṣì ń pè wá jẹ́rìí. Òtútù líle ni wọ́n fi ń pa ẹ̀rí náà mọ́: wọn a sáré mú ẹran náà dì gbagidi. Èyí tí wọ́n bá sọ sínú fọ́málíìnì, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ sì ti pa.