Gàní Fáwẹ̀hìnmi: Agbẹjọ́rò àti Bàbá Ilé

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà ní Ìgbólé-Èkìtì, Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹni tí a fẹ́ rántí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ìpínlẹ̀ kan náà ni ìlú rẹ̀, Oǹdó, wà pẹ̀lú Èkìtì kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1996. Olóyè Gàní Fáwẹ̀hìnmi ni. Agbẹjọ́rò tó kojú ìjọba ológun ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Àmọ́ ilé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá wa wò lónìí.

Ọjọ́ 22 oṣù April 1938 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Alhaji Saheed Tugbobo Fáwẹ̀hìnmi, ni Sàríkì Mùsùlùmí Oǹdó. Ilé ẹ̀kọ́ Ansar-Ud-Deen ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, kó tó lọ sí Victory College ní Ìkàrẹ́. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó, ó sì lọ sí London lọ́dún 1961 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Lọ́dún 1963, bàbá rẹ̀ kú, owó ilé ìwé sì dá. Kí ló ṣe? Ó gbálẹ̀ ní ilé ìtura, ó sì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1965 ó di agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ halal.

Lọ́dún 1969, tálákà kan tó ń jẹ́ Bala Abashe, ní Ìpínlẹ̀ Benue-Plateau ìgbà náà, fẹ̀sùn kan ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan pé ó gba ìyàwó òun. Gàní gba ẹjọ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Ìjọba mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀, Mohammed. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń jà nítorí ilé onílé ni wọ́n mú kúrò nínú ilé tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, àtìmọ́lé di ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ, ìyàwó rẹ̀ àgbà, Alhaja Ganiat, àti àwọn ọmọ ló ń ṣẹ́kù sílé. A máa ń yin ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n, a sì máa ń gbàgbé àwọn tó ń retí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa akọ̀ròyìn Dele Giwa nínú ilé rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 19 oṣù October 1986, Gàní ní kí wọ́n gbé àwọn tí òun fura sí lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní kí ló kàn án. Lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, torí pé olùṣọ́ ara wa ni gbogbo wa.

Lọ́dún 2008, ìjọba fún un ní oyè OFR, ó kọ̀ ọ́. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù September 2009, ní ẹni ọdún 71, wọ́n sì sin ín sí Oǹdó. Mohammed náà kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìjàǹbá ọkọ̀ sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lọ́dún 2003, síbẹ̀ kò fi ọ̀nà bàbá rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2021.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ka Súúrà An-Nisaa, àyà 135. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ pé ká dúró ti òdodo, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ara wa tàbí àwọn òbí wa. Ilẹ̀ ṣe é pín, ilé ṣe é tà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti jogún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a pín. Kí làwọn ọmọ tiwa ń rí lọ́wọ́ wa?

Kí Ọlọ́hun forí jin òun àti ọmọ rẹ̀, kó sì fi ìfẹ́ òdodo sínú ilé wa. Àmín.