Kó Pọ́n Díẹ̀

Nígbà tí a fẹ́ kun pálọ̀ ìyá mi n'Íbàdàn, akunlé tẹ́ páálí àwọ̀ síwájú wọn: àwọ̀ kéékèèké rẹpẹtẹ lórí ìlà, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Magnolia wà níbẹ̀, Ivory wà níbẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n sì dá a padà fún un.

"Ọ̀gá, funfun ni mo fẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀, kó má lọ dà bí ilé ìwòsàn."

"Mo ti gbọ́ yín, Màmá."

Ó ṣí rọ́bà ọ̀dà funfun, ó kán yẹ́lò sí i láti inú ìgò kékeré, ó fi ẹ̀kán pupa kan tẹ̀ lé e, ó wá fi igi rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Ó kùn ún sí apá kan ògiri, ó ní ká dúró kó gbẹ ná, torí ọ̀dà olómi máa ń dú sí i tó bá gbẹ. Nígbà tó gbẹ, ohun tí ìyá mi ń wí gẹ́lẹ́ ló wà lára ògiri.

Ìwé pélébé kan lórí ọ̀dà ilé ló wà lọ́wọ́ mi lásìkò yẹn tí mò ń túmọ̀. Mo ti kọ "àwọ̀ gbígbóná" sínú rẹ̀, mo ti kọ "ohùn abẹ́ àwọ̀". Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa méjèèjì rẹ́.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀dà lédè Gẹ̀ẹ́sì pín àwọ̀ sí gbígbóná àti tútù. Lójú tiwọn, pupa àti yẹ́lò gbóná, búlúù àti àwọ̀ ewé tutù, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ lára èyí tó gbóná ni kó fa èèyàn mọ́ra. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ilé tó gbóná ni ilé tí ìjà kì í tán, tí àìsàn kò jẹ́ kí ọmọ sinmi. Kí ilé tutù ni à ń tọrọ. Funfun, àwọ̀ Ọbàtálá, ló tutù jù lọ lójú àwọn baba wa. Pupa Ṣàngó ló gbóná. Bí mo bá wá sọ fún abiyamọ pé àwọ̀ gbígbóná ló yẹ yàrá rẹ̀, bí ẹni ń ṣépè fún un ni. "Àwọ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́" ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Omi tí a fi ń wẹ ìkókó ló ń lọ́wọ́ọ́rọ́, kò sì sí ẹni tó ń sá fún un.

Èkejì, "ohùn abẹ́ àwọ̀", le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Funfun inú rọ́bà kì í sábà jẹ́ funfun lásán. Gbé bébà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí i pé àwọ̀ mìíràn fara pamọ́ sínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ohùn lò fún èyí: undertone. Tí a bá sọ ọ́ di ohùn ní Yorùbá, òǹkàwé á máa dẹtí sí ògiri. "Àwọ̀ abẹ́nú" sàn, mo sì lò ó fún àkọlé. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣe é dáadáa: funfun yìí fà sí pupa, eérú yìí fà sí aró. Ẹnikẹ́ni á mọ ohun tí mò ń wí láìsí àlàyé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èdè bíi tiwa, tó ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta, kò lè kun ilé. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay kọ̀wé pé àwọn èdè kan ní orúkọ àwọ̀ gbòógì tó tó 11, àti pé èdè tí tirẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, dúdú, funfun àti pupa ni yóò ní. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka àwọ̀ tiwa bí ẹni ń ka owó tí kò pé. Ó ń dùn mí. Ẹ wo dú, ẹ wo pọ́n: ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n. Ọsàn ń pọ́n lórí igi. Aṣọ ń dú sí i ní gbogbo ìgbà tí aláró bá tún un rẹ sínú ìkòkò. Albert Munsell, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1905 pé ohun mẹ́ta ni ká máa wò lára àwọ̀: irú tó jẹ́, bó ṣe mọ́lẹ̀ tàbí dú tó, àti bó ṣe lágbára tó. Dú àti funfun gbé èkejì. Ẹ̀kẹta, a ní in lọ́pọ̀ yanturu: pupa yòò kì í ṣe ẹgbẹ́ pupa rúsúrúsú, ògiri tí oòrùn ti pa sì ti di rẹ́súrẹ́sú. Òǹkà ni Munsell ní láti fi sọ èyí.

Ti àkọ́kọ́ ni ọwọ́ wa kò tó. Bí o bá rán ọmọ ní ọ̀dà dúdú, kò ní gbé ti ewé wá fún ọ, bẹ́ẹ̀ a sì ń pe igbó ní dúdú. Mo fara mọ́ búlúù níbi tí àwọn èèyàn ti ń sọ búlúù. "Àwọ̀ ojú ọ̀run" tí àwọn kan ń kọ kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí nígbà ọyẹ́, eérú ni ojú ọ̀run ń jọ.

Orúkọ orí páálí ni mo gbádùn jù. Òdòdó igi tí púpọ̀ nínú wa kò rí rí ni magnolia. Ògì ńkọ́? Ti àgbàdo funfun, ti àgbàdo pupa, ti ọkà bàbà: àwọ̀ ògiri mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí ìyá tí kò ní fojú inú rí wọn. Gàrí Ìjẹ̀bú wà, gàrí elépo wà. Rọ́bà ọ̀dà ni a sì fi ń wọ̀n wọ́n lọ́jà. Láti ara aṣọ òkè, mo mú sányán fún ilẹ̀ tó fẹ́ pọ́n tí kò pọ́n tán, mo mú ẹtù fún aró tó dú kirikiri. Elésè àlùkò ti wà nínú Bíbélì tipẹ́, n kò fọwọ́ kàn án.

Orí kan wà tí mo yí padà pátápátá. Ìwé náà ní yàrá tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn. Òótọ́ ni, ní ìlú òyìnbó. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, orí òrùlé ni oòrùn ń gbà kọjá. Yàrá ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ni mo fi rọ́pò rẹ̀: èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń bá lówùúrọ̀, àti èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń sọ funfun rẹ̀ di pupa fún wákàtí kan.

Ọ̀dà tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ìyá mi. Akunlé bi mí ohun tí òun máa kọ sórí ọmọrí rẹ̀, kí a lè rí irú rẹ̀ pò lọ́jọ́ mìíràn. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́: *Ògì àgbàdo pupa. Ó fà sí pupa díẹ̀. Kò dán. Pálọ̀ Màmá.*